Yàrá Ojú Òfuurufú Tó Wà Lẹ́yìnkùlé Wa

Ọmọ mi àtàtà, Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé àwọn ọmọ iléèwé ò tíì gba gbogbo ohùn tó wà lọ́fun rẹ tán? Àwa tí a wà nílé ń bẹ láàyè, a dúpẹ́, ojú ń ríran, etí ń gbọ́ràn, eyín mẹ́tàdínlógún tó ṣẹ́ kù lẹ́nu mi sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ láìráhùn. Ẹni tó dá ọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ìlú ńlá tí o wà yẹn. Ṣọ́ọ̀kì ò ní dá mọ́ ọ lọ́wọ́ láàárín ọ̀rọ̀, ọmọ tí o kọ́ kò ní gbàgbé ẹni tó kọ́ ọ, iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí, iwájú ni wàá máa lọ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ dáadáa. Mo ní mo ti kí ọ, ó wo ojú ìwé náà, ó ní ìkíni tó wà níbẹ̀ kéré sí èyí tó wà nínú òun, nítorí náà mo tún kí ọ lẹ́ẹ̀kan sí i: o kú iṣẹ́, o kú àìsinmi, o kú ìrònú wa.

Ilé dúró bó o ṣe mọ̀ ọ́n. Òrùlé ibi ìdáná ń jò, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ti ń jò, a ti gbé korobá síbẹ̀, a ti mọwọ́ ara wa. Adìẹ pupa pamọ mẹ́sàn-án, àṣá gbé ọ̀kan, ó ku mẹ́jọ, ìyá rẹ sì ti fi orúkọ rẹ sọ èyí tó gbọ́n jù nínú wọn, má bínú. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, èyí tí mo dá nígbà tí mo já bọ́ láti orí àkàbà lọ́dún kejì sẹ́yìn, kò tíì dára, kò sì burú sí i, ó kàn ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀ ni.

Mo rí owó tí o fi ránṣẹ́ gba inú fóònù télọ̀ ìdí ilé wa. O ṣeun, àpò rẹ ò ní gbẹ. Ṣùgbọ́n mo ní láti fẹjọ́ kan sùn ọ́. Nígbà tí èmi àti télọ̀ dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń san owó fóònù lábẹ́ agboòrùn, owó tó kà fún mi ti gbó, ọ̀kan tilẹ̀ ti ya, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Mo mọ ọmọ tí mo bí, o ò lè fi owó tó ya ránṣẹ́ sí bàbá rẹ. Mo ní kí obìnrin náà jọ̀ọ́ kó wá inú àpótí rẹ̀ dáadáa, kó mú àwọn tí o fi ránṣẹ́ gan-an jáde. Ó wo télọ̀, télọ̀ wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun ti rí wọn, ó sì kó àwọn tó mọ́ fún mi. Nítorí náà, bí o bá tún fẹ́ fi owó ránṣẹ́, jọ̀wọ́ máa fi àmì kékeré kan sí i lára kó má baà sí àríyànjiyàn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí o rán mi. Télọ̀ ti fi fóònù sọ nọ́ńbà fún ọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún un sọ bó ṣe yé mi, kó o lè mọ̀ bóyá ó yé mi. O ní àwọn ọmọ iléèwé girama méjìlá tí o máa ń kó jọ lẹ́yìn tí iléèwé bá parí wà nínú ìdíje kan, pé wọ́n ní kí àwọn ọmọ láti oríṣiríṣi iléèwé ya àwòrán ìlú kan tí èèyàn yóò máa gbé lójú òfuurufú, lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ẹyẹ kankan ò dé, tí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn yóò sì wà nínú rẹ̀. O ní ìlú tiyín rí bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ó ń yí, yíyí tó ń yí yẹn ni kò ní jẹ́ kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ máa léfòó. O ní lọ́dún tó kọjá, ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti já yín sílẹ̀. Lọ́dún yìí, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò dá ìwé yín padà pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo, wọ́n ní báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èèyàn lè gbé inú yàrá tí ẹ yà yìí, wọ́n sì fún yín ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ọ̀gá iléèwé ti ní bí wọ́n bá tún já yín sílẹ̀, òun á gba yàrá tí ẹ ń lò, òun á máa kó àga tó ti kán sínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ya yàrá náà sì ń sunkún, nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ya ẹ́ńjìnnì ń sọ pé yàrá tirẹ̀ ló fẹ́ ba iṣẹ́ gbogbo wọn jẹ́, ó ti ní òun á fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo èyí lo wá kọ ọ́ pé ṣebí bíríkìlà ni mí, kí n bá yín wo yàrá náà.

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀ yẹn. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, láti ọjọ́ tí mo ti já bọ́ láti orí àkàbà, kò sí ẹni tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ilé mọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń bi mí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ ti ń fúyẹ́, bí ẹni pé ẹsẹ̀ nìkan ló ń gbé ilé yìí, tí èmi kàn wá kí i. Ìwọ bi mí léèrè yàrá. Mo dúpẹ́, mo dúpẹ́ gan-an ni.

Àwòrán náà wà lójú fóònù télọ̀. Mo mú téèpù mi, mo wọ̀n ọ́n, yàrá tí èèyàn mẹ́rin máa gbé gùn ní íǹṣì méjì. Mo ní ó há. Télọ̀ ní kí n fara balẹ̀, ó fi ìka méjì fa ojú fóònù, yàrá náà bá fẹ̀. Mo tún un wọ̀n, ó di íǹṣì márùn-ún. Ó tún fà á, ògiri kan bọ́ sóde. Mo ní kó dúró níbẹ̀. Mo ti bá onílé tó ń yí ọkàn padà ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ilé tó ń yí ọkàn padà fúnra rẹ̀. Mo sì rò ó pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ló ń dà yín láàmú, kí ẹ sáà fi ìka fa ìlú náà tóbi títí gbogbo èèyàn á fi ráyè. Ìgbà náà ni télọ̀ fi hàn mí pé nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kó fà á tó, nọ́ńbà yẹn kì í yẹsẹ̀. Mo ní háà, ẹni tó kọ nọ́ńbà wọ̀nyí ní láákàyè. Mítà ni ó fi kọ ọ́, a yí i sí ẹsẹ̀ bàtà, ó wá yé mi.

Bá mi bi àwọn ọmọ náà ní nǹkan kan. Mi ò rí ìpìlẹ̀. Mo wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀, mo tilẹ̀ dojú fóònù dé. O ní kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, ó dáa, kò ní sí ẹjọ́ ilẹ̀ nìyẹn, ìdajì wàhálà ilé kíkọ́ ti lọ. Ṣùgbọ́n ibo ni bíríkìlà máa dúró sí bó bá fẹ́ mọ ògiri àkọ́kọ́? Èmi tí mo já bọ́ láti ibi gíga ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá péré, ọdún kejì rèé. Ẹni tó bá já bọ́ láti ibi tiyín ńkọ́, ìgbà wo ló máa balẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n so okùn mọ́ ìbàdí o.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kì í jẹ́ kí a mọ búlọ́ọ̀kù kan lé òmíràn àfi bí a bá ti kan èèkàn, tí a ti ta okùn, tí onílé sì ti wọ inú okùn náà, tó gbé ibẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó máa ń sọ pé ojú lè purọ́ fún èèyàn lórí ọ̀rọ̀ yàrá, ṣùgbọ́n ìdí tó bá jókòó sínú rẹ̀ kì í purọ́. Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ Ajé mọ́, ìyá rẹ gbá ẹ̀yìnkùlé, káfíńtà tí a jọ máa ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ gbẹ́ èèkàn, télọ̀ ń pe nọ́ńbà, èmi jókòó sórí àga mo ń fi ọ̀pá mi júwe. A ta okùn, a fi ẹfun sàmì sí ibi tí ilẹ̀kùn wà. Kó tó di aago mẹ́wàá, yàrá ojú òfuurufú kan ti wà láàárín ilé adìẹ àti ibi tí a ń sá aṣọ sí, pẹ̀lú ọ̀nà tóóró tó gba iwájú rẹ̀ kọjá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ náà ṣe yà á. Èmi àti ìyá rẹ kó wọ ibẹ̀. A gbé ibùsùn síbẹ̀, a gbé tábìlì, a gbé àga, ìyá rẹ gbé fìtílà rẹ̀ kọ́ orí èèkàn, ó ní ilé ni ilé ń jẹ́.

Òun náà ló rántí pé o kọ ọ́ pé kò sí afẹ́fẹ́ lóde ìlú yẹn, pé ẹni tó bá ṣèèṣì bọ́ síta, ó di gbére. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré, ẹnikẹ́ni tó bá fẹsẹ̀ dá okùn kọjá tí kò gba ẹnu ọ̀nà, ó ti kú. Káfíńtà ló kọ́kọ́ kú. Omi ló fẹ́ wá bù mu, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá ògiri bí ẹni ń rékọjá gọ́tà, ìyá rẹ bá kígbe pé ó ti kú. Ó bẹ̀bẹ̀, ó padà sẹ́yìn, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kú lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó ní bí òun bá tún kú lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyàwó òun á lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Télọ̀ kú lẹ́ẹ̀kan péré, fóònù rẹ̀ tó ń dún lábẹ́ igi ló fà á. Adìẹ pupa àti àwọn ọmọ rẹ̀ kú títí a ò lè kà á mọ́. Sọ fún àwọn ọmọ rẹ pé kí ògiri wọn le dáadáa, kí ilẹ̀kùn sì hàn kedere, torí ọmọ aráyé ò fẹ́ràn àtirìn yíká.

Ohun tí a kọ́kọ́ rí kò ju pé ilẹ̀kùn yàrá ń ṣí sínú, ó sì ń gbá ẹsẹ̀ ibùsùn. Ìyẹn ò le, kí wọ́n jẹ́ kó máa wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àmọ́ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá rẹ jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó kàn béèrè bí ẹni pé kò béèrè nǹkan kan pé bí ara ẹnì kan ò bá yá nínú ìlú yìí, ibo ni wọ́n máa gbé e gbà dé ọ̀dọ̀ dókítà. Mo ní ẹnu ọ̀nà náà ni. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Ọ̀gá mi ò kú lásán, mo ní kí a dán an wò. A ní kí káfíńtà dùbúlẹ̀ sórí pákó, ṣebí ó ti kú tẹ́lẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó yẹ kó ti mọ́ ọn lára. Ọkùnrin mẹ́rin gbé e. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó ku kí wọ́n yà sí ọ̀nà tóóró yẹn, pákó bá há. Orí káfíńtà wà lára ògiri kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lára ìkejì, igun kò gbà wọ́n síwájú, kò gbà wọ́n sẹ́yìn. Wọ́n yí pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́ lórí rẹ̀, ó ń ké, gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo rántí ọjọ́ tí mo já bọ́. Orí ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé mi lé wálé, ilẹ̀kùn tí káfíńtà yìí kan náà sáré yọ lára ilé tí a ń kọ́. Wọ́n gbé mi dé ọ̀nà àárín ilé wa, igun tó yà sí yàrá kò gba ilẹ̀kùn náà. Èmi ni mo kọ́ igun yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi mọ ọ́n lọ́dún tí a bí ọ, mo sì máa ń fi yangàn fún àlejò pé kí wọ́n wá wo bó ṣe gún. Wọ́n yí mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè kọjá, ẹsẹ̀ tó ti kán sì gbá ògiri. Ìwọ ò tíì délé nígbà yẹn, o ò gbọ́ igbe tí mo ké. Ìyá rẹ gbọ́ ọ. Ilé mọ́kànlélógójì ni mo kọ́ láyé mi, mi ò gbé aláìsàn gba inú okùn ọ̀kankan rí kí n tó mọ ògiri rẹ̀. Ẹni tó jókòó ni mo máa ń wò, ẹni tó dúró ni mo máa ń wò, ọkàn mi ò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ń gbé. Mo ní kí wọ́n sọ káfíńtà kalẹ̀. Ojú ti mí, mi ò ní purọ́ fún ọ.

A yọ èèkàn igun náà, a fi méjì rọ́pò rẹ̀ kí ògiri lè gé gba ẹ̀gbẹ́, kó má ṣe ṣonṣo mọ́, a sì fẹ ọ̀nà tóóró náà láti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin ààbọ̀. A tún gbé káfíńtà. Ó kọjá wẹ́rẹ́. A gbé e lọ, a gbé e bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, nígbà tó fi máa di ìkẹrin ó ti sùn lọ. Nọ́ńbà tí télọ̀ fi ránṣẹ́ nìyẹn, ibi tó ti wá nìyẹn.

Kó tó ráyè fi í ránṣẹ́, ó ní mo gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù ẹlẹ́rìí tí o fi sínú fóònù, èyí tó máa jẹ́rìí pé a dán yàrá náà wò. Fóònù béèrè orúkọ, mo fún un. Ó béèrè iṣẹ́, mo ní bíríkìlà. Ó wá gbé àwòrán mẹ́sàn-án kalẹ̀, ó ní kí n tọ́ka sí gbogbo èyí tí àkàbà wà nínú rẹ̀, kó lè dá a lójú pé èèyàn ni mí, pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo ní ìbéèrè gidi nìyí, fóònù yìí mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Àkàbà wà nínú mẹ́ta. Mo tọ́ka sí méjì, mo fi ìkẹta sílẹ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sún mọ́ ògiri jù, ẹni tó bá gùn ún á fi ẹ̀yìn balẹ̀. Fóònù ní mo ṣì í. Télọ̀ ní kí n sáà fọwọ́ kàn án ká lè lọ. Mo ní láéláé, mi ò ní fi ọwọ́ ara mi júwe àkàbà tó máa pa ọmọ ọlọ́mọ. Ó kó àwòrán mìíràn wá, mo tún kọ ọ̀kan. Ìgbà kẹta ló tó kó èyí tí wọ́n gbé dáadáa wá, ó gbà pé èèyàn ni mí. Bí o bá mọ ẹni tó ni fọ́ọ̀mù náà, sọ fún un kó lọ tún àkàbà yẹn gbé.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó ya yàrá ló kù. Sọ fún un pé kó má lọ síbì kankan. Igun tèmi burú ju tirẹ̀ lọ, mo sì ti ń gba owó lórí ilé fún ọgbọ̀n ọdún. Yàrá rẹ̀ dára, ojú fèrèsé rẹ̀ dára. Ó ya nǹkan kan tí mo kọ́kọ́ rò pé ó kàn fi ń gba àyè ni, ìjókòó kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ péré. Mo fẹ́ ní kí ẹ yọ ọ́. Ìyá rẹ gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ sí ojú ibẹ̀, ó jókòó, kò dìde mọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìjókòó yẹn, pé ọmọ tó yà á mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de èèyàn.

Ibẹ̀ ni mo gbé bírò sí, ọjọ́ mélòó kan ti kọjá. Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì nìyí, kíákíá ni mo ń kọ ọ́, má wo bí lẹ́tà ṣe rí. Télọ̀ sáré dé láàárọ̀ yìí pẹ̀lú téèpù lọ́rùn, ó gba orí okùn kọjá láàárín yàrá, ó kú pátápátá, ìyá rẹ kò tilẹ̀ rántí pariwo. Ó ka iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ fún wa lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní wọ́n ti mú yín, pé ẹ wà lára iléèwé mẹ́jọ tó kù, pé àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò kọ ọ́ síwèé pé nínú gbogbo ìlú tí àwọn gbà lọ́dún yìí, tiyín nìkan ni wọ́n ti gbé aláìsàn gba inú rẹ̀ kọjá kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́. Ó ní ọ̀gá iléèwé ti fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sọ́wọ́. Ó ní ọmọbìnrin náà kò lọ mọ́, ó sì ti kọ ọ́ sínú àwòrán, sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a gé yẹn, pé Igun Bàbá Bíríkìlà. Mo sunkún díẹ̀. Ìyá rẹ ní kì í ṣe díẹ̀.

Ọmọ mi, o kọ ọ́ pé o dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Dá ọpẹ́ yẹn padà sápò, èmi ni mo ni ọpẹ́. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a gbé káfíńtà, ènìyàn ń wá wo ẹ̀yìnkùlé wa. Tọkọtaya kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ lójú ọ̀nà odò ti ní kí n wá bá wọn ta okùn ilé wọn, wọ́n ní kò di dandan kí n gun àkàbà, kí n sáà jókòó kí n máa júwe. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ò ní mọ búlọ́ọ̀kù kankan àfi bí a bá kọ́kọ́ gbé káfíńtà gba inú rẹ̀, káfíńtà sì ti ń sọ iye tó máa gbà. Lánàá, ẹni kan pàdé mi lójú ọ̀nà, ó béèrè pé báwo ni yàrá ṣe máa fẹ̀ tó bí ọmọ bá máa jẹ́ mẹ́ta, kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ mi. Inú mi dùn dé ilé.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù, o mọ̀ pé lẹ́tà bàbá kì í parí kó má dé ibẹ̀. Òrùlé ibi ìdáná lè dúró, oògùn ẹsẹ̀ ṣì kù nínú ìgò. Owó okùn ni mo ń tọrọ. Okùn kan ṣoṣo ni mo ní, òun ló wà lẹ́yìnkùlé, mo sì nílò rẹ̀ fún ilé tọkọtaya yẹn. Mo lọ fa èèkàn tu lánàá, ìyá rẹ gba òòlù lọ́wọ́ mi. Ó ń gbá yàrá náà láràárọ̀. Òjò rọ̀ lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fọ ẹfun ẹnu ọ̀nà lọ, ó tún un fà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, á jókòó sórí ìjókòó kékeré yẹn, á kọjú sí títì. Mo ní iṣẹ́ ti parí, wọ́n ti mú wọn, ta ló tún ń gbé yàrá yìí. Ó ní tìrẹ ni. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí mo já bọ́ lo wálé gbẹ̀yìn, ọjọ́ méjì lo lò, ọdún kejì rèé, ìwọ kò tíì dé, ṣùgbọ́n ó kéré tán yàrá tí o rán wá ti dé. Mi ò bá ọ wí o. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò jẹ́, mo sì mọ̀ pé ọmọ ọlọ́mọ méjìlá ń bẹ lọ́rùn rẹ. Mo kàn ń sọ ibi tí okùn mi wà fún ọ ni.

Nítorí náà, yálà kó o fi owó okùn ránṣẹ́, kó o sì fi àmì sí i, tàbí kí ìwọ fúnra rẹ wá nígbà ọlidé wá fa èèkàn náà tu, torí ìyá rẹ ní ọwọ́ rẹ nìkan ni òun máa gbà kó kàn án. Ọlọ́run tó gbé ọ lọ yóò gbé ọ bọ̀. Ìlú tí ẹ ń kọ́ kò ní wó, ọmọ tí o kọ́ yóò kọ́ ẹlòmíràn, ibi tí o bá dé, àyè á gbà ọ́ wọlé, kò sì ní sí igun tó máa há mọ́ ọ. Àmín, àṣẹ. Káfíńtà àti télọ̀ ní kí n kí ọ, àwọn méjèèjì wà láàyè lónìí.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Bíríkìlà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Bí o bá dé, bó ti wù kí ojú kán ọ tó, má fẹsẹ̀ dá okùn kọjá o. Ẹnu ọ̀nà ni kó o gbà, ìyá rẹ wà níbẹ̀.